Ilẹ̀kùn Tó Yá Jù

Láti kékeré ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti ń pè é ní Dókítà Ọ̀la. Nígbà yẹn, bí àlejò bá jókòó tán nílé wọn, ọmọbìnrin náà á lọ gbé etí lé e láyà, á di ojú, á máa gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù kì, kì, kì, bí ẹni tó ń gbọ́ ìtàn láti ẹ̀yìn ògiri. Àlejò á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ní, "Ẹ fún un lówó iṣẹ́ ẹ̀ o, dókítà ọ̀la nìyẹn." Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn bí àtè. Ó dàgbà tán, kò bọ́.

Nígbà tí à ń wí yìí, ó ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn kékeré kan tó wà láàárín ṣọ́ọ̀bù ṣúmẹ́kà àti ṣọ́ọ̀bù olóògùn. Òun ló ń jókòó sídìí tábìlì tó kọjú sí yàrá dókítà. Òun ló ń gbé àwọn aláìsàn sórí ìwọ̀n, tó ń wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, tó ń wá fáìlì wọn, tó sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù. Dókítà Àgbà ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá tó ni ilé ìwòsàn náà. Dókítà ìdílé ni: irú dókítà tí èèyàn kọ́kọ́ máa ń lọ bá kó tó lọ bá ẹnikẹ́ni, tó mọ ìyá, tó mọ ọmọ, tó mọ ẹni tí ikọ́ máa ń bá jà bí òtútù bá ti dé.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Dókítà Àgbà kọ́ ni ọmọbìnrin yìí ń lá lálàá. Oníṣẹ́ abẹ ló fẹ́ dà. Ó lè máa kọ ìwọ̀n ara ìyá arúgbó kan sílẹ̀ lọ́wọ́, kó sì jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ ti lọ sí yàrá kan tí iná funfun ti ń tàn bí òṣùpá àrànmọ́jú, tí gbogbo èèyàn dákẹ́ rọ́rọ́, tí òun dúró nínú aṣọ aláwọ̀ ewé, tí àyà ẹnìkan ṣí sílẹ̀ níwájú òun bí ìwé. Ìyá arúgbó á ní, "Ọmọ mi, ṣé mo ti lè sọ̀ kalẹ̀ lórí nǹkan yìí àbí ibí ni màá sùn?" Òun á wá ta gìrì.

Ó ti kọ̀wé sí oríṣiríṣi ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Méjì ló gbà á. Ayọ̀ kò tíì jókòó dáadáa tí ìrònú fi wọlé tọ̀ ọ́, torí kò sí èyí tí wọ́n lè san owó rẹ̀ láì yá owó. Èkíní jẹ́ ilé ìwé ńlá tó wà nílùú wọn gan-an, ibi tí àwọn oníṣẹ́ abẹ tó lókìkí ti jáde. Bánkì ṣe tán láti yá a lówó, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí owó bá ti kúrò lọ́wọ́ bánkì ni èlé ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ, wọ́n sì ní kí ìdílé rẹ̀ fi ilé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú dógò. Èkejì jẹ́ ilé ìwé kékeré ní ìlú tó jìnnà. Wọ́n ní ètò ẹ̀yáwó kan níbẹ̀ fún àwọn tó bá gbà láti di dókítà ìdílé. Ti ìyẹn kò bèèrè ilé, èlé rẹ̀ kéré bí iyọ̀ àfọwọ́bù, wọn kò sì ní gba kọ́bọ̀ títí ọmọ á fi jáde. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú pé iṣẹ́ dókítà ìdílé lòun máa ṣe, níbikíbi tí wọ́n bá ti nílò rẹ̀, títí gbèsè á fi tán. Bó bá yà sídìí iṣẹ́ abẹ lójú ọ̀nà, èlé á fò sókè bí iná tó rí epo. Èyí tó wù kó mú, ìyá rẹ̀ ló máa ṣe onídùúró. Ìpẹ̀kun ọ̀sẹ̀ yẹn ni èsì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn.

Ilé wá pín sí méjì.

"Ilé ìwé ńlá ni," ni ìyá rẹ̀ wí láàárọ̀ ọjọ́ kan, nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Télọ̀ ni, ó sì ń fi eyín já òwú. "Ẹni tó bá máa jẹ ọ̀pọ̀lọ́, kó yáa jẹ èyí tó lẹ́yin. Bí a bá máa jẹ gbèsè, ká jẹ ẹ́ torí oníṣẹ́ abẹ."

"Màmá, ilé yìí nìkan la ní," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. Mẹkáníìkì ni, ó ń mu tíì lórí ìdúró. "Bí ọmọ yín bá lọ fìdí rẹmi nínú ìdánwò kan, ṣé inú ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn la máa kó sí?"

"Ọmọ mi kì í fìdí rẹmi."

"Ó fìdí rẹmi nínú ọbẹ̀ àná. Gbogbo wa la jọ jẹ ẹ́."

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́," ni Dókítà Ọ̀la wí.

"Dókítà ìdílé," ni ìyá wọn tún wí, bí ẹni tó ń tọ́ oúnjẹ tí kò dùn wò. "Ikọ́ lónìí, inú rírun lọ́la, ẹ̀yìn dídùn lọ́túnla. Ṣé ohun tí mo torí ẹ̀ fọ́jú sídìí aṣọ olówó nìyẹn? Ilé ìwé ńlá, bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni. Á jẹun nílé, á sùn nílé." Ó sọ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn wéréwéré, ó sì gbé ẹsẹ̀ lé ẹ̀rọ, ariwo ẹ̀rọ bo ilé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ife tíì kalẹ̀. "Ẹ̀yin náà ńkọ́, ta lẹ lọ bá nígbà tí ẹ̀yìn ń dùn yín?"

"Mi ò lọ bá ẹnikẹ́ni. Mo fi òróró pa á."

"Kò burú. Òróró ni dókítà ìdílé wa."

Dókítà Ọ̀la jáde lọ síbi iṣẹ́. Ní tòdodo, ti ìyá rẹ̀ ló ń tẹ̀ sí. Ẹ̀rù pé ilé lè lọ ń bà á, ṣùgbọ́n iná funfun yẹn ń pè é.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bí i nínú nílé ìwòsàn: ilẹ̀kùn yàrá Dókítà Àgbà. Ilẹ̀kùn náà ti wú. Bí aláìsàn bá fẹ́ jáde, ó gbọ́dọ̀ di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, kó gbé e sókè díẹ̀, kó fi èjìká tì í, kó sinmi, kó tún tì í. Ilẹ̀kùn á ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù. Á ṣí dé ìdajì, aláìsàn á dúró síbẹ̀, ara kan nínú, ara kan níta, á wá yíjú padà: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ó ku kinní kan." Ilẹ̀kùn á tún padà dé. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì á pòṣé. "Kí ló ń sọ látìgbà tó ti jókòó?" Dókítà Ọ̀la á máa bẹ̀ wọ́n. Lójú tirẹ̀, ilẹ̀kùn yẹn ló ń dá àwọn èèyàn dúró. Òótọ́ sì ni, òun ló ń dá wọn dúró.

Lọ́jọ́ kan tí Dókítà Àgbà lọ ìpàdé àwọn dókítà, ó pe káfíńtà. Káfíńtà fá etí ilẹ̀kùn, ó pààrọ̀ irin tó gbé e mú, ó fi gíríìsì sí i. Ó wá fi ìka kan tì í. Ilẹ̀kùn ṣí láì sọ̀rọ̀, ó sì padà dé fúnra rẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Bí èèyàn bá sín nínú yàrá yìí," ni káfíńtà wí, "á ti bá ara ẹ̀ níta."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Dókítà Àgbà dé, ó fi agbára fa ilẹ̀kùn bó ṣe máa ń ṣe, ó sì kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn balẹ̀ sórí tábìlì ọmọbìnrin náà. Ó na ara tán, ó wo ilẹ̀kùn, ó wo ọmọbìnrin náà. Gbogbo ojú ọmọ ń rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ lo ṣe é?"

"Èmi ni, sà. Kó lè rọ̀ wọ́n lọ́rùn."

Bàbá la ẹnu, ó pa á dé. "O ṣeun, ọmọ mi," ló wá sọ.

Ọjọ́ yẹn, iṣẹ́ lọ bí omi. Èyí wọlé, èyí jáde. Kò sẹ́ni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó pòṣé. Kó tó di ọ̀sán, bẹ́ǹṣì ti ṣófo, Dókítà Ọ̀la sì ráyè gbé ìwé ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì jáde, ó ń wo èyí, ó ń wo ìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ló rí tí kò yé e: Dókítà Àgbà ń sin àwọn aláìsàn dé ẹnu ọ̀nà fúnra rẹ̀, ó ń bi wọ́n pé, "Ṣé kò ku nǹkan mìíràn?" Wọ́n á ní, "Rárá, sà." Ilẹ̀kùn á sì gbé wọn mì.

Lẹ́yìn ọ̀sán ni Tíṣà wọlé. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n aṣọ rẹ̀ ṣì ń gé bí ọ̀bẹ níbi tí wọ́n ti lọ̀ ọ́. Òun ló kọ́ ìdajì àdúgbò ní ìwé kíkà, títí kan ọmọbìnrin yìí.

"Dókítà Ọ̀la," ló wí, "ṣé ọ̀la ọ̀hún ò tíì dé ni?"

"Ó ti ń bọ̀ lọ́nà, sà."

"Ìgbín ló gbé e lẹ́yìn, ó jọ."

Ó wo ìfúnpá Tíṣà, ó rí i pé ó ga díẹ̀. Tíṣà ní àtẹ̀gùn ilé òun ni, pé kò sẹ́ni tó ń gun irú àtẹ̀gùn yẹn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní bínú. Orúnkún ló bá wá. Ó wọlé lọ, kò pẹ́ rárá tó fi ń jáde bọ̀, ìwé oògùn lọ́wọ́. Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ilẹ̀kùn sì fà á jáde. Nígbà tó fi máa yíjú padà, ilẹ̀kùn ti padà dé. Tíṣà wo pákó náà. Ó gbé fìlà rẹ̀ borí, ó mi orí sí ọmọbìnrin náà, ó lọ.

Ṣùgbọ́n kò lọ jìnnà. Láti ojú fèrèsé, Dókítà Ọ̀la rí i tó jókòó sórí ògiri kúkurú tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù ṣúmẹ́kà, tó bọ́ fìlà lé orúnkún. Ó dìde, ó kọjú sí ilé ìwòsàn. Ó tún jókòó.

Ọmọbìnrin náà ń wò ó. Ó wá rántí pé òun ò rí i rí kí Tíṣà jáde nínú yàrá yẹn láì tún padà sẹ́nu ọ̀nà. Kì í sì í ṣe Tíṣà nìkan. Obìnrin kan wá lọ́jọ́ kan torí orí fífọ́, ẹnu ọ̀nà ló ti sunkún. Awakọ̀ kan gé ní ìka, wọ́n di ìka fún un tán, ẹnu ọ̀nà ló ti sọ pé ọtí ló ń mì òun lọ́wọ́. Gbogbo wọn, ọwọ́ lára ilẹ̀kùn. Ó dà bí ẹni tó da omi sílẹ̀ tó wá rántí pé omi yẹn nìkan ló kù nílé. Ó fi tábìlì sílẹ̀, ó jáde.

"Sà, ẹ gbàgbé nǹkan."

Tíṣà tọwọ́ bọ àpò. "Kí ni mo gbàgbé? Fìlà mi rèé, ìwé oògùn rèé."

"Èyí tí ẹ fẹ́ sọ fún Dókítà."

Tíṣà wo bàtà ara rẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ṣúmẹ́kà ń fi òòlù na gìgísẹ̀ bàtà mìíràn tí Tíṣà gbé wá fún àtúnṣe.

"Ilẹ̀kùn yín yìí ti yá jù," ló wá sọ. "Mo ní kí n dé ẹnu ọ̀nà kí n tó sọ ọ́. Kí n tó kó ọ̀rọ̀ jọ, mo ti bá ara mi níta. Ojú wá ń tì mí láti padà."

Ọmọbìnrin náà jókòó tì í. Ó kàn ń wo ojú pópó, bí ẹni tí àyè gbà.

"Bí mo bá ń gun àtẹ̀gùn," ni Tíṣà wí, "nǹkan kan máa ń wá jókòó lé mi láyà. Bí ọmọ tó sanra. Á wá na ọwọ́ mú apá òsì mi. Bí mo bá dúró, á sọ̀ kalẹ̀. Mi ò tíì sọ fún ìyá àwọn ọmọ. Orúnkún ni mo sọ fún un."

"Ṣé ó ti pẹ́, sà?"

"Ṣé o fẹ́ fún mi ní máàkì ni?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó ti pẹ́. Lónìí, kò sọ̀ kalẹ̀ bọ̀rọ̀."

Ó wu ọmọbìnrin náà kó gbé etí lé e láyà bíi ti kékeré. Apá rẹ̀ ló dì mú dípò ìyẹn, wọ́n sì rọra rìn padà.

Dókítà Àgbà kò pariwo. Ó mú Tíṣà dùbúlẹ̀, ó fún un ní oògùn tó ní kó jẹ lẹ́nu, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì pe ọsibítù ńlá lórí fóònù. Wọ́n fi mọ́tò wá gbé Tíṣà. Kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn mọ́tò, ó ní, "Sọ fún ṣúmẹ́kà pé kó má ta bàtà mi o. Mo ń bọ̀."

Nígbà tí mọ́tò lọ tán, bàbá wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn aláìsàn, ohun tí kò ṣe rí. Ọmọbìnrin náà dúró níwájú rẹ̀, ó ń sunkún.

"Èmi ni mo fà á, sà. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Inú rẹ dùn. Mo ní kí n wá ọgbọ́n mìíràn dá láì bà á jẹ́ fún ọ." Bàbá fọwọ́ pa ojú. "Mi ò rí ọgbọ́n kankan dá. Èmi náà jẹ̀bi. Jókòó."

Ó jókòó.

"Ilẹ̀kùn yẹn ti wú kí n tó dé ibí. Mo fẹ́ tún un ṣe, owó ò sí. Nígbà tí owó fi máa dé, mo ti rí i pé ìdí ẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ òótọ́. Níwájú tábìlì, wọ́n á sọ orúnkún. Bí wọ́n bá ń bá ilẹ̀kùn jà, tí wọ́n kẹ̀yìn sí mi, tí wọ́n mọ̀ pé àwọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́, ìgbà yẹn ni wọ́n á sọ àyà. Lónìí mo bi gbogbo wọn pé ṣé ó ku nǹkan. Bí o bá bi èèyàn bẹ́ẹ̀, á ní kò kù."

"Àwọn tó máa tọ́jú Tíṣà níbẹ̀ ńkọ́, sà? Àwọn oníṣẹ́ abẹ?"

"Ah, wọ́n mọ iṣẹ́. Ohun tí ọwọ́ wọn máa ṣe, ọwọ́ tèmi ò lè ṣe é láéláé." Bàbá wo ìta. "Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá gbé wá ni wọ́n máa rí. Wọn ò lè rí ẹni tó jókòó sórí ògiri."

Bó ṣe ń rìn lọ sílé, Dókítà Ọ̀la gbìyànjú láti padà sí yàrá oníná funfun rẹ̀. Ó dé ibẹ̀. Iná ń tàn, gbogbo èèyàn dákẹ́. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló dúró nídìí tábìlì mọ́. Òun àti Tíṣà ni wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, Tíṣà bọ́ fìlà sọ́wọ́, ó ń wá bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó Tíṣà ránṣẹ́ pé ó ti ń jẹun, ó sì ti ń bá àwọn nọ́ọ̀sì wí lórí bí wọ́n ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Dókítà Ọ̀la tún ránṣẹ́ pe káfíńtà.

"Kí n ba ilẹ̀kùn jẹ́?" ni káfíńtà wí. "Látìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, wọn ò gbé irú iṣẹ́ yìí wá bá mi rí. Bí ìyàwó mi bá gbọ́, á ní iṣẹ́ tó yẹ mí ti dé." Ó bà á jẹ́ dáadáa. Nígbà tó fi máa dọ́sàn-án, ilẹ̀kùn ti ń ké bí ewúrẹ́, àwọn ará bẹ́ǹṣì sì ti ń pòṣé.

Ìyá rẹ̀ ló kù.

"Màmá, ilé ìwé kékeré ni mo fẹ́ lọ. Dókítà ìdílé ni mo fẹ́ ṣe."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. "Ẹ̀gbọ́n ẹ ti fi ọ̀rọ̀ ilé dẹ́rù bà ọ́."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé." Ó sọ ọ̀rọ̀ Tíṣà àti ilẹ̀kùn. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ tán, ó ní Ọlọ́run ló yọ Tíṣà, ó wá tún ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ ẹlẹ́yin sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní òun ò ní buwọ́ lu ìwé àwọn ìlú òkèèrè. Látìgbà náà, ẹ̀rọ nìkan ló ń sọ̀rọ̀ nínú ilé.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ tí èsì gbọ́dọ̀ lọ. Ìwé wà lórí tábìlì láàárín ife tíì. Ìyá rẹ̀ fẹ́ gbé aṣọ lọ fún oníbàárà kan. Ó di ẹrù aṣọ mọ́ apá kan, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ kejì mú irin ilẹ̀kùn. Dókítà Ọ̀la dìde kíákíá láti bá a ṣí i, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ṣe máa ń ṣe.

Ó rí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, àti ọwọ́ tó wà lára irin, tí kò fà á.

Ó rọra padà jókòó.

Ìyá rẹ̀ dúró síbẹ̀. Mọ́tò kan kọjá níta, òmíràn tún kọjá.

"Ibẹ̀ yẹn jìnnà," ló wí sí ilẹ̀kùn.

Ọmọ rẹ̀ fa ife tíì kan mọ́ra.

"Bó o bá tún jáde tán, ibi tó bá wù wọ́n ni wọ́n máa gbé ọ lọ. Ẹ̀gbọ́n ẹ ò ní pẹ́ gbéyàwó. Èmi àti ẹ̀rọ yìí la máa wá kù, tí a óò máa wo ara wa lójú." Ó gbé ẹrù aṣọ sókè díẹ̀. "Ẹ̀yìn yìí gan-an, kò lọ. Ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí ẹsẹ̀."

"Látìgbà wo, Màmá?"

"Má ṣe mí bí aláìsàn."

"Ẹ ó bá mi lọ rí Dókítà Àgbà lọ́jọ́ Ajé. Òun náà ti ń darúgbó, Màmá. Nígbà tí mo bá fi máa jáde, wọ́n á máa wá dókítà ìdílé sí àdúgbò yìí náà. Mi ò lè ṣèlérí pé èmi ni wọ́n máa gbé wá. Mo lè bèèrè."

"Mi ò ní kó o ṣèlérí." Ìyá rẹ̀ fa irin, ilẹ̀kùn ṣí, ìmọ́lẹ̀ wọlé. Ó jáde tán kó tó yíjú padà. "Wá bírò gidi sílẹ̀ kí n tó dé. Èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n ẹ ti fi họ etí."